Ọwọ́ Ẹ̀yìn Ògiri: Ibi Tí Rọ́bọ́ọ̀tì Iṣẹ́ Abẹ Ti Ṣẹ̀ Wá

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó pe ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ ní rọ́bọ́ọ̀tì kò wo ilé kankan, orúkọ yìí ló sì ń da ìtàn rẹ̀ rú. Ẹni tó bá gbọ́ pé rọ́bọ́ọ̀tì ló yọ àpò òróòro aláìsàn á rò pé ẹ̀rọ náà dá abẹ mú, ó ń gé ẹran ara bó ṣe wù ú, dókítà sì káwọ́ gbera. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ yìí kì í mi ìka bí èèyàn kan ò bá mi ìka. Àwọn òpìtàn tó wá ń wá baba rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò, ilé onílé ni wọ́n wọ̀. Inú yàrá kan tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan ohun tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn ni wọ́n bí i sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yà sídìí orúkọ yẹn ná. Èdè Ṣẹ́ẹ̀kì ló ti wá. Inú eré orí ìtàgé kan tí Karel Čapek kọ ní 1920 ló ti kọ́kọ́ hàn, Josef ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì fa ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Robota ni iṣẹ́ ọ̀ranyàn tí àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ jẹ onílẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí iṣẹ́ ẹrú, àmọ́ lójú tèmi ìwọ̀fà ló sún mọ́ ọn jù. Wọn ò ra ìwọ̀fà lọ́jà. Gbèsè ló wà lọ́rùn rẹ̀. Àgbẹ̀ wọ̀nyẹn náà, wọ́n ní oko tiwọn, ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n jẹ ẹlòmíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ ẹrú gan-an ń bọ̀ níwájú.

Ohun méjì ni iṣẹ́ abẹ gba ihò kékeré ń fẹ́: ojú àti ọwọ́. Ojú ló kọ́kọ́ dé. Ní 1806, dókítà Philipp Bozzini ní Frankfurt ṣe ohun èlò kan tó rí bí ìkòkò òdòdó. Àbẹ́là ló ń jó nínú rẹ̀, dígí sì ń darí ìmọ́lẹ̀ gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ara. Mo máa ń rò ó pé ọkùnrin yẹn á ti fi iná àbẹ́là jó ìpéǹpéjú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Àwọn àgbà ìṣègùn ní Vienna kò fi taratara gbà á, ó sì kú ní 1809, ọmọ ọdún 35. Ní 1901, ará Jámánì mìíràn, Georg Kelling, fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn ajá, ó ti ọ̀pá olójú dígí bọ̀ ọ́, ó sì wo inú rẹ̀. Hans Christian Jacobaeus ṣe é fún èèyàn ní Stockholm ní 1910. Ojú ti wọlé báyìí. Ọwọ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Chicago ni kẹ́ ẹ wá ọwọ́ lọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wàhálà kan wà ní ilé ìwádìí Argonne tó wà lẹ́bàá ìlú náà. Ohun tó ń tú ìtànṣán olóró jáde ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò jẹ ìyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà ń fẹ́ ọwọ́ ẹ̀lẹ̀: kí a ṣí ìdérí ìgò, kí a rọra da omi láti inú ìgò kan sínú òmíràn, kí ó má ta sílẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, Raymond Goertz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ọwọ́ irin méjì. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́, ìkejì wà lódìkejì ògiri tó nípọn, okùn irin àti àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké ló so wọ́n pọ̀. Òṣìṣẹ́ á dúró síwájú fèrèsé dígí tó nípọn. Bó bá yí ọrùn ọwọ́, irin tó wà lọ́hùn-ún á yí ọrùn tirẹ̀. Bó bá fún ìka pọ̀, irin lọ́hùn-ún á fún ìka mọ́ ìgò.

Wọ́n pe ọwọ́ òṣìṣẹ́ ní “ọ̀gá”, wọ́n sì pe èyí tó wà lẹ́yìn ògiri ní “ẹrú”. Ẹ rí i bí orúkọ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn.

Nígbà tó fi máa di 1954, Goertz ti gbé èyí tó ń lo iná mànàmáná jáde. Wáyà ló rọ́pò okùn irin. Ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ nìyí: bí ọwọ́ ẹrú bá gbá nǹkan líle, mọ́tò á ti ọwọ́ ọ̀gá padà, kí ẹni tó dì í mú lè mọ̀ ọ́n lára pé ohun tí òun kàn le. A ó padà sórí èyí.

Kí ló wá mú kí àwọn dókítà nílò irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Kurt Semm, dókítà kan, yọ àpẹ́ńdíìsì gba ihò kéékèèké ní Kiel, ní Jámánì, ní 1980, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bínú sí i. Erich Mühe yọ àpò òróòro lọ́nà kan náà ní Böblingen ní September 1985, wọ́n dojú ìjà kọ ọ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo ayé ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀pá gígùn tí kò lọ́rùn ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Ojú ihò ló ń yí lé, nítorí náà bí dókítà bá gbé ọwọ́ sápá ọ̀tún, orí ọ̀pá á lọ sápá òsì. Bó bá gbé e sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ta okùn ní kókó nínú ìgò, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn kan á ní PUMA, ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ti ilé iṣẹ́, ló ṣáájú, èyí tí wọ́n lò fún iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Long Beach, ní Amẹ́ríkà, ní 1985. Mo gbà pé wọ́n lò ó. Kí ló ṣe? Ó di ohun tó ń tọ́ ọ̀nà abẹ́rẹ́ mú. Dókítà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ti abẹ́rẹ́ wọlé. Arthrobot ti Vancouver, ní Kánádà, ní 1983 ńkọ́? Agbésẹ̀ ni, ó ń gbé ẹsẹ̀ aláìsàn síbi tí wọ́n bá ní kó gbé e sí. ROBODOC, tó gbẹ́ egungun itan ní Sacramento ní 1992 bí wọ́n ṣe ti ṣètò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, rọ́bọ́ọ̀tì gidi nìyẹn, àmọ́ ìdílé ọ̀tọ̀ ni.

Ilé ìwádìí SRI ní California ló mú ọwọ́ ẹ̀yìn ògiri wọ iṣẹ́ abẹ. Phil Green ló léwájú iṣẹ́ náà níbẹ̀. Richard Satava, dókítà ológun, gbọ́ nípa rẹ̀, DARPA, àjọ ìwádìí àwọn ológun Amẹ́ríkà, sì tú owó sílẹ̀, kí dókítà lè jókòó síbi tí ọta ìbọn kò dé, kí ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Àwọn kan wá ń sọ pé ológun ló bí i. Ṣé ẹni tó náwó ìkómọ ni baba ọmọ? Ilé iṣẹ́ Intuitive Surgical, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, gba ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ SRI. Ní March 1997, Jacques Himpens àti Guy Cadière fi ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ Mona yọ àpò òróòro aláìsàn kan ní Dendermonde, ní Bẹ́ljíọ̀mù.

Ẹ wo dókítà tó ń lo da Vinci, ẹ̀rọ Intuitive tó jẹ́ ọmọ ìyá Mona. Kò dúró ti aláìsàn. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti orí bọ ihò àwòrán, àtàǹpàkò àti ìka wà nínú òrùka. Àwọn kan tilẹ̀ ń bọ́ bàtà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè mọ èyí tó ń tẹ̀ nínú àwọn pẹ́dà ẹ̀rọ náà. Lọ́hùn-ún, ọ̀pá tí kò fẹ̀ ju mílímítà 8 lọ ń yí ọrùn nínú ikùn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá rìn sẹ̀ǹtímítà 3, ó lè ṣètò rẹ̀ kí tinú ikùn rìn 1 péré. Kọ̀ǹpútà ń sẹ́ ìwárìrì ọwọ́ dànù. Bó bá yọ orí kúrò nínú ihò àwòrán, ọwọ́ irin á dúró gbagidi. Fèrèsé Argonne nìyẹn, ọ̀gá àti ẹrú nìyẹn.

Ìyókù kò gùn. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí da Vinci ní July 2000. Ní September 7, 2001, Jacques Marescaux jókòó sí New York, ó fi ẹ̀rọ ZEUS yọ àpò òróòro obìnrin kan ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Òkun Atlántíìkì di ògiri. Ní 2003, Intuitive àti ilé iṣẹ́ Computer Motion tó ni ZEUS di ọ̀kan. Iṣẹ́ abẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ló sọ da Vinci di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn bíi Versius àti Hugo náà ti wọ ọjà.

Àmọ́ ohun kan sọnù lọ́nà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ dókítà tó ń lo da Vinci kì í mọ bí ohun tó dì mú ṣe le tó. Ojú ni wọ́n kọ́ láti máa fi mọ̀ ọ́n: wọ́n á wo òwú bó ṣe ń nà, wọ́n á wo ẹran ara bó ṣe ń funfun lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dẹwọ́ kó tó já. Ní March 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí da Vinci 5, èyí tó ní àwọn ọ̀pá tó lè jẹ́ kí ìka dókítà mọ bí òun ṣe ń fà tàbí tì tó. Wọ́n ń kí wọn kú oríire àrà tuntun. Ó ti pé àádọ́rin ọdún tí ọwọ́ irin Argonne ti ń ti ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ padà.