Egungun inú sẹ́ẹ̀lì

Egungun inú sẹ́ẹ̀lì ni àkójọpọ̀ fọ́nrán purotéènì tó nà káàkiri inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń fún un ní ìrísí, tó ń gbé ẹrù inú rẹ̀ kiri, tó sì ń kópa nínú pípín rẹ̀ sí méjì. Kò dúró gbagidi bí egungun ẹran: sẹ́ẹ̀lì ń tò ó, ó sì ń tú u láìsinmi. Oríṣi mẹ́ta ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn: fọ́nrán actin, fọ́nrán agbedeméjì àti microtubule, tí purotéènì tubulin para pọ̀ di. Àwọn bakitéríà náà ní tiwọn, bíi purotéènì FtsZ tó jọ tubulin, àti MreB tó jọ actin.

Actin àti fọ́nrán agbedeméjì

Fọ́nrán actin ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, nǹkan bíi nánòmítà 7 (nánòmítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Abẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ sí jù. Òun àti purotéènì myosin ló ń mú kí ẹran ara sún kì. Fọ́nrán agbedeméjì tó nánòmítà 10, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí sẹ́ẹ̀lì má ya bí wọ́n bá fà á. Keratin inú irun àti èékánná wà lára wọn.

Microtubule

Ọ̀pá oníhò ni èyí, ó fẹ̀ tó nánòmítà 25, ìlà tubulin 13 ló sì sábà máa ń yí i ká. Tubulin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ọ̀pá máa ń mú GTP, èròjà kékeré tó ń gbé agbára, lọ́wọ́. Bí GTP orí ọ̀pá bá ti di GDP, ìyẹn GTP tó ti ná agbára rẹ̀, kí tubulin tuntun tó dé, ọ̀pá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kíákíá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Tim Mitchison àti Marc Kirschner ló ṣàlàyé ìwà yìí ní 1984.

Lórí ọ̀pá yìí ni kinesin àti dynein, àwọn purotéènì tó ń gbé ẹrù, ń rìn. Kinesin ń ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹrù wà lórí rẹ̀ bí alábàárù inú ọjà. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nánòmítà 8, ATP kan, èròjà agbára inú sẹ́ẹ̀lì, ló sì ń ná sí i. Ọ̀pọ̀ kinesin ń forí lé etí sẹ́ẹ̀lì, dynein ń padà sí àárín.

Àpẹẹrẹ tó hàn sójú wà lára ẹ̀pìyà, ẹja tí wọ́n ń tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Sẹ́ẹ̀lì dúdú wà lábẹ́ awọ rẹ̀, hóró melanin, èròjà tó ń mú awọ dúdú, sì kún inú wọn. Bí ẹ̀rù bá ba ẹja náà, dynein á wọ́ àwọn hóró náà lọ sí àárín sẹ́ẹ̀lì, àwọ̀ ẹja á sì ṣí. Ìpẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀: bí a bá kán adrenaline, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ẹ̀rù, sí i lábẹ́ maikirosikóòpù, àbàwọ́n dúdú tó tẹ́ rẹrẹ á sún kì di ẹ̀kán kéékèèké láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí a bá ti fi oògùn colchicine ba microtubule jẹ́ ṣáájú, ìkójọ náà sábà máa ń falẹ̀ tàbí kó dúró pátápátá.

Nínú ìṣègùn

Oògùn vincristine, tí wọ́n ń rí lára òdòdó Catharanthus roseus, kì í jẹ́ kí tubulin so pọ̀. Oògùn paclitaxel kì í jẹ́ kí ọ̀pá microtubule tú. Àwọn méjèèjì ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dúró. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára tó dé ìka ẹsẹ̀ lè gùn tó nǹkan bíi mítà kan, orí microtubule sì ni ẹrù ń gbà dé ìpẹ̀kun rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn kan tó ń gba oògùn wọ̀nyí fi máa ń kú tìpìrì, tí kì í mọ ìfọwọ́kàn dáadáa.