Ọmọ ayò ogún-ogún

Ọlọ́dẹ àdúgbò kì í béèrè ẹni tó san owó oṣù yìí kó tó lé olè. Ẹni tó san àti ẹni tí kò san, oorun kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Ibẹ̀ ni wàhálà owó dídá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ẹgbẹ́ onílé jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti gbọ́ "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" títí ó fi sú wọn, nítorí náà eré ni mo ń bá wọn ṣe. Lọ́jọ́ kan ní Ọbáńtókò, mo fún ènìyàn mẹ́rin ní ọmọ ayò ogún-ogún. Kálukú á fi iye tó wù ú sínú àwo, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Màá sọ ohun tó bá wà níbẹ̀ di ìlọ́po 1.6, màá pín in dọ́gba. Bí gbogbo wọn bá kó tiwọn sílẹ̀, 80 á di 128, kálukú á gba 32. Bí ẹnì kan bá pa tirẹ̀ mọ́, 60 á di 96. Àwọn tó dá á ní 24, òun á ní 44.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú kó gbogbo 20 rẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, 5 ló fi sílẹ̀. Ó wò mí lójú: "Ọmọ mi, ṣé èmi nìkan ni màá máa sìn wọ́n ni?"

Ahun kọ́ o. Mo gbé irú eré yìí sórí kọ̀ǹpútà: kálukú kọ́kọ́ dá 10, lẹ́yìn náà, ó ń dá ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìpíndọ́gba ohun tí àwọn yòókù dá kẹ́yìn. Kò sí ọ̀kánjúà kankan láàárín wọn. Síbẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ohun tí kálukú ń dá kò pé 4 mọ́.

Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Ernst Fehr àti Simon Gächter, gbé ìwádìí lórí irú eré yìí jáde níbi tí wọ́n ti gbà kí ènìyàn ná lára tirẹ̀ láti fi jẹ ẹni tí kò dá níyà. Owó dídá gòkè. Ṣùgbọ́n ìtanràn ládùúgbò, ìjà ló máa ń bí, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn alága ni pé kí wọ́n ka àwọn tó ti san kí wọ́n tó ka gbèsè. Orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè tí wọ́n ń kọ́kọ́ kà yẹn ló ń sọ fún gbogbo ilé pé kò sẹ́ni tó ń san.

A tún eré náà ṣe, ojú gbogbo wa wà lára àwo. Ìyá aláàdìrẹ dúró kí àwọn yòókù kọ́kọ́ fi tiwọn sílẹ̀. Ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó wá ka 18 sí i.