Kíkó Fáìlì Láti Kọ̀ǹpútà Kan sí Òmíràn: Báwo Lẹ Ṣe Máa Mọ̀ Pé Gbogbo Rẹ̀ Ló Dé?

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun máa ń bi mí pé ọ̀nà wo ló yá jù láti kó ohun tó wà nínú ti àtijọ́ wá sínú rẹ̀. N ó dáhùn ìyẹn, àmọ́ lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣáájú rẹ̀: báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ló dé? Fáìlì tó bá já bọ́ lọ́nà kì í pariwo. Ó lè tó ọdún kan kí ẹ tó wá fọ́tò ìkómọ ọmọ yín, kí ẹ wá bá fódà lófìfo, nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì ti di ti ẹlòmíràn.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gbà kí ẹnikẹ́ni lo Cut, tó ń gbé fáìlì kúrò níbi tó wà. Copy ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá lo Cut, tí iná wá lọ láàárín iṣẹ́, apá kan á wà lọ́hùn-ún, apá kan á wà níbí, ẹ ò sì ní mọ èyí tó kù síbo.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹrù yín wà. Lórí Windows, inú C:\Users ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, lábẹ́ orúkọ tí ẹ fi ń wọlé: Desktop, Documents, Pictures, Downloads. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dé tí wọ́n á ní ó tán. Kò tíì tán. Fódà kan tún fara pamọ́ síbẹ̀, AppData lorúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni Chrome àti Firefox ń tọ́jú àwọn ojú ìwé tí ẹ ti sàmì sí, inú rẹ̀ náà sì ni Thunderbird ń kó lẹ́tà ímeèlì yín sí. Ẹ ṣí View nínú File Explorer, fèrèsé tí ẹ fi ń wo fódà, kí ẹ wá Hidden items níbẹ̀, á sì yọjú. Àwọn páàsíwọ́ọ̀dù tí Chrome bá yín tọ́jú yàtọ̀ o: Windows ti fi àkáǹtì yín tì wọ́n pa, wọn kò ní ṣí lórí kọ̀ǹpútà kejì bí ẹ bá kàn kó fódà náà lọ. Ẹ jẹ́ kí Chrome fúnra rẹ̀ kó wọn jáde láti inú Settings rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo OneDrive, ibi tí Microsoft ti ń bá yín tọ́jú fáìlì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àmì ẹ̀gbẹ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan dáadáa. Èyí tó bá ní àwòrán ìkúùkuù kò sí lórí díìsìkì yín rárá, orúkọ rẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún máọ̀sì, ẹ yan Always keep on this device, kí ẹ sì dúró kó wọlé tán.

Ẹ fi Program Files sílẹ̀. Ètò tí ẹ bá ṣì nílò, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹrù kò bá pọ̀, fíláàṣì ti tó. Ohun tó sábà ń dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀ ni fídíò ńlá: fíláàṣì tí wọ́n bá fi FAT32, ìlànà ìtò fáìlì àtijọ́ kan, tò kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB, bí àyè tilẹ̀ ṣì ṣófo rẹpẹtẹ lórí rẹ̀. Ẹ fi exFAT tún un tò, Windows àti Mac ló lè kà á tí wọ́n sì lè kọ ọ́. Àmọ́ títò yẹn máa pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, nítorí náà ẹ kó o kúrò ná.

Bí ẹrù bá pọ̀, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo fara mọ́. Ẹ ki orí kan bọ kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ ki èkejì bọ tuntun, kò pọn dandan kí ráútà wà láàárín. Ẹ má fi wáyà USB lásán tí orí rẹ̀ méjèèjì jọra ṣe èyí o; kọ̀ǹpútà méjèèjì á máa fi iná ránṣẹ́ síra wọn, ó sì lè ba nǹkan jẹ́. Ní ti ìyára, bíìtì ni wọ́n fi ń ka ti wáyà, báìtì la sì fi ń ka fáìlì. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì 1. Níbi tí ojúhò nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjèèjì bá ti jẹ́ mẹ́gábíìtì 1000, nǹkan bí 110 MB ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí díìsìkì bá lè bá a sáré. Ẹrù 200 GB á gbà tó ìdajì wákàtí. Bí ọ̀kan bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 100, ẹrù kan náà á gbà tó wákàtí márùn-ún.

Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ ṣí Properties fódà náà, ẹ lọ sí Sharing, ẹ pín in níbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé Private ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, kì í ṣe Public. Lórí tuntun, ẹ tẹ \\ àti orúkọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ sí òkè File Explorer. Ó máa béèrè páàsíwọ́ọ̀dù àkáǹtì kọ̀ǹpútà àtijọ́. PIN tí ẹ fi ń ṣí i lójoojúmọ́ kò ní gbà níbẹ̀, àkáǹtì tí kò ní páàsíwọ́ọ̀dù náà kò ní wọlé. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé wáyà ló bàjẹ́. Ẹ pa Sleep lórí méjèèjì kí wọ́n má baà sùn lẹ́nu iṣẹ́.

Fún fọ́tò ẹgbẹẹgbẹ̀rún, mo fẹ́ràn robocopy, ètò ìkófáìlì tó ti wà nínú Windows tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, ẹ kọ robocopy, ibi tí ẹrù wà, ibi tó ń lọ, kí ẹ fi /E /Z /R:2 /W:5 parí rẹ̀. Láìsí R àti W yẹn, bí fáìlì kan bá kọ̀, á máa gbìyànjú rẹ̀ nígbà mílíọ̀nù kan, á sì máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín ìkọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ bá já, ẹ tún àṣẹ kan náà pa, á fo èyí tó ti dé. Ẹ jìnnà sí /MIR bí kò bá yé yín, torí á pa ohunkóhun tó bá wà níbi tí ẹ ń kó ẹrù lọ tí kò sí ní ibi tó ti wá rẹ́.

Bí robocopy bá parí, ẹ wo abẹ́ ọ̀rọ̀ FAILED nínú tábìlì tó tẹ̀ jáde: 0 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ tún ṣí Properties fódà méjèèjì, kí ẹ fi iye fáìlì wé iye fáìlì, kí ẹ fi Size wé Size. Ẹ má wo Size on disk, ó lè yàtọ̀ láìsí àṣìṣe kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí díẹ̀ nínú wọn lójú ara yín. Ẹ fa fídíò dé ìparí rẹ̀, torí èyí tí ó gé kù máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Ẹ fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà fún oṣù kan, kí ẹ máa fi tuntun ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ bá gbàgbé á jẹyọ láàárín ìgbà náà. Bí ẹ bá wá fẹ́ tà á tàbí kí ẹ fi tọrẹ, ẹ lo Reset this PC, ẹ yan Remove everything, kí ẹ sì tan Clean data. Bí ẹ kò bá tan Clean data yẹn, ẹni tó bá gbà á lè hú ọ̀pọ̀ nínú fáìlì yín jáde padà.