Ebi kọ́ ló ń pa bougainvillea tí kò tanná

Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbin bougainvillea, igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà, ló gbà pé bí kò bá ti yọ òdòdó, ebi tàbí òùngbẹ ló ń pa á. Ni wọ́n bá ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n ń kó ajílẹ̀ bí ìgbẹ́ adìẹ sí i nídìí. Igi á tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀ka á gùn, ẹ̀gún á le sí i, òdòdó ò ní jáde. Ìkẹ́ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó tanná.

Ẹ kọ́kọ́ wo igi náà fínnífínní. Ohun tó pọ́n fòò tí gbogbo wa ń pè ní òdòdó rẹ̀, ewé ni. Ẹ já ẹyọ kan, ẹ gbé e sókè sí oòrùn: ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ẹ ó sì rí iṣan ewé nínú rẹ̀ kedere. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń yí ara wọn ká. Àárín wọn ni òdòdó gidi wà, ó kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sábà máa ń funfun, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì kíyè sí i rí.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni igi yìí ti ṣẹ̀ wá. Brazil ni Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko ará Faransé, ti rí i ní 1767. Ó fara da ọ̀gbẹlẹ̀ dáadáa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń tanná jù. Bí omi bá wà nídìí rẹ̀ ṣáá, ewé ni yóò máa yọ. Bí omi náà bá pọ̀ jù, gbòǹgbò á rà, ewé á pọ́n, á sì máa já bọ́. Ẹni tó rò pé òùngbẹ ni á tún bu omi sí i. Ó dùn mí gan-an, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pa igi náà. Ti ìgbẹ́ adìẹ náà nìyẹn: èròjà tí wọ́n ń pè ní nàítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀, ewé àti ẹ̀ka ló sì ń mú dàgbà.

Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín kó mu yó, kẹ́ ẹ tún dúró. Bó bá jẹ́ inú ìkòkò ló wà, ìkòkò náà gbọ́dọ̀ lujú nídìí.

Oòrùn ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó kéré tán, kí oòrùn máa pa á tààrà fún wákàtí 6 lójúmọ́. Èyí tó wà lábẹ́ ibòji, kò sí ajílẹ̀ tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ti gígé ńkọ́? Orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń tanná, torí náà ẹni tó ń gé e ní gbogbo ìgbà kí ọgbà lè gún régé ń gé òdòdó dànù kó tó yọ. Ìgbà tí àwọn ewé aláwọ̀ yẹn bá ti rẹ̀ tán ni kẹ́ ẹ gé e, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀ka tuntun dàgbà.