Tiwa, Ire, Kóyinsọ́lá: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí orúkọ ọmọ tó gbòde

Kí ló dé tí orúkọ àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń jọra létí, tí kì í sì í ṣe orúkọ kan náà?

Iwájú wọn ló jọra. Orúkọ Yorùbá tó pọ̀ jù jẹ́ gbólóhùn odidi, ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan sì máa ń pààrọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí gbólóhùn náà. Láyé àtijọ́, Ifá, Ògún, Ọ̀ṣun, Adé, Akin, Ọlá àti Ayọ̀ ló ń ṣáájú. Nígbà tó yá, Olúwa gba iwájú orúkọ nílé onígbàgbọ́, ó wá di pé Olúwaṣeun, Olúwatósìn, Olúwakẹ́mi àti Olúwafẹ́mi ń jókòó ti ara wọn ní kíláàsì kan. Ní báyìí, Olúwa ti sún sẹ́yìn orúkọ, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Àwọn tó ń ṣáájú ni Mo (Mofìyìnfólúwa), Ti (Tolúwanimí, Tiwalọlá), Ta ni (Tanitólúwa), Ire (Iremidé), Ìní (Ìníolúwa), À ń (Àńjọláolúwa).

Ìkékúrú ló fà á. Ẹ̀yìn ni a ti ń mú ìkékúrú orúkọ tí Olúwa bá ṣáájú: Ṣeun, Tósìn, Kẹ́mi. Ilé mẹ́wàá ló ti ní Kẹ́mi. Òbí tó bá fẹ́ ohun tí ọmọ aládùúgbò kò jẹ́, iwájú ló kù tí yóò yí padà. Àwọn olórin náà tún ti ọ̀rọ̀ náà síwájú: Tiwa Savage (Tiwatọ́pẹ́), Simi (Simisọ́lá) àti Tems (Tèmiladé) gba ìgboro pẹ̀lú orúkọ tí kò ju sílébù kan tàbí méjì lọ.

Ṣé orúkọ tuntun ni wọ́n lóòótọ́?

Aṣọ wọn ló tuntun, rírán rẹ̀ ti pẹ́. Mo fi ìyìn fún Olúwa ló di Mofìyìnfólúwa. Ti Olúwa ni mí di Tolúwanimí. À ń jẹ ọlá Olúwa di Àńjọláolúwa. Kó oyin sí ọlá di Kóyinsọ́lá. Bí fáwẹ́lì méjì bá pàdé, ọ̀kan sábà máa ń jẹ, ṣùgbọ́n ohùn òkè kì í fẹ́ kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo sí ọlá: i ti lọ, ohùn òkè rẹ̀ fò sórí ọ, ó di sọ́lá. Ẹ wá wo jẹ ọlá: jẹ kò ní ohùn òkè, nítorí náà jọlá ni, kì í ṣe jọ́lá. Òbí tó ń fi etí nìkan hun orúkọ sábà máa ń ṣì í gan-an níbí. Ohun kan náà ló ya Sọ́lá (sí ọlá, bíi ti Simisọ́lá) sọ́tọ̀ sí Ṣọlá (ṣe ọlá, bíi ti Fèyíṣọlá), tí ìwé tí kò ní àmì sì ń kọ méjèèjì ní Sola.

Kí ló sábà máa ń bàjẹ́?

Gígé. Òbí ń ronú lórí odidi orúkọ fún oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n á sì gé e láàárín ìṣẹ́jú kan. Olúwatamílọ́rẹ dára púpọ̀: Olúwa ta mí lọ́rẹ. Ẹ gé e sí Tamí, lọ́rẹ ti bọ́, ohun tó kù ni ta mí, ohun tí a ń sọ fún agbọ́n tàbí àkeekèé. Ṣemílóore tí a gé sí Ṣemí kò sàn jù ú lọ, nítorí ẹni tí nǹkan ń ṣe ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní ti Tanitólúwa, bí wọ́n bá ké "Tani!" lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó wà níta ni yóò dáhùn pé "Èmi ni."

Ibi tó yẹ kí ẹ gé e sí ni ibi tí ọ̀rọ̀ tó dá dúró bá ti kù sílẹ̀. Tú orúkọ náà palẹ̀ bí gbólóhùn, kí ẹ wá wo ọ̀rọ̀ orúkọ tó wà nínú rẹ̀. Nínú Tamílọ́rẹ, Ọrẹ wà níbẹ̀. Nínú Ṣemílóore, Oore. Nínú Mofìyìnfólúwa, Ìyìn, tó dára ju Mofìyìn tí gbólóhùn rẹ̀ dúró sójú ọ̀nà. Àńjọlá jẹ́ gbólóhùn tó pé fúnra rẹ̀. Tiwa, Ire àti Ìní náà dá dúró láìsí wàhálà, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè gbilẹ̀.

Ìdánwò kejì ni ti ohùn. Ẹ kọ orúkọ náà sórí ìwé láìsí àmì kankan, kí ẹ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kí ó kà á, nítorí bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì yóò ṣe bá a pàdé. Ire ni oore; iré ni eré; ìrẹ̀ ni kòkòrò tó ń ké lóru. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni gbogbo wọn lórí ìwé tí kò ní àmì. Èyí kò ní kí ẹ má sọ ọmọ ní Iremidé, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ óò máa tún un sọ fún àwọn èèyàn títí ayé.

Ṣé a lè mú Àjàyí, Ìgè tàbí Yétúndé nítorí pé ó dùn létí?

Rárá o. Àmútọ̀runwá àti orúkọ bí irú èyí ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Àjàyí ni ọmọ tó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i, ẹsẹ̀ ni Ìgè fi wáyé, Òjó àti Àìná ni a bí pẹ̀lú ìwọ́ lọ́rùn, Ìdòwú ló tẹ̀ lé ìbejì. Yétúndé àti Babátúndé ń sọ pé ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ti kú kí ọmọ náà tó dé; bí wọ́n bá wà láàyè, ẹ̀rù ni orúkọ náà yóò dà sí wọn lára.

Ọmọ tí a fi iṣẹ́ abẹ bí ló máa ń rú òbí lójú níbí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ ló kọjú sísàlẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, kí ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ má baà bá yín lójijì.

Oríkì ńkọ́, ṣé ó lè jẹ́ orúkọ àkọ́kọ́?

Ó ti ń ṣẹlẹ̀, lójú tiwa òun ló dára jù nínú àṣà tuntun yìí. Àdùkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ àti Àṣàkẹ́, tó jẹ́ pé ìyá àgbà nìkan ló ń fi wọ́n pe ọmọ tẹ́lẹ̀, ti ń wọ ìwé ìbí. Wọ́n kúrú, kò sí ẹni tó nílò láti gé wọn. Ẹ ṣáà rántí pé oríkì mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin: Àbẹ̀kẹ́ àti Àjọkẹ́ jẹ́ ti obìnrin, Àkànní àti Àlàó ti ọkùnrin. Tolúwanimí kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Olórin tó ń jẹ́ Asake jẹ́ ọkùnrin, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá rẹ̀ ló gbé wọ̀.

Kí ẹ tó lọ wá orúkọ lórí fóònù, ẹ wo ilé. Àyàn ń bẹ nílé onílù, Ọ̀jẹ̀ nílé eléégún. Àyàndélé ṣọ̀wọ́n ju Tiwalọlá lọ lónìí, bẹ́ẹ̀ ilé yín ló ti jáde. Adé tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ orúkọ nítorí dídùn rẹ̀, ẹni tó mọ ìdílé ọba yóò béèrè ibi tí ẹ ti rí i.

Ilé Mùsùlùmí?

Níbẹ̀, Lárúbáwá ni wọ́n ń padà sí. Lámídì ti di Abdul-Hamid, Mọ̀ríámọ̀ ti di Maryam, Rahmah àti Hikmah sì gbòde. Gígé ń dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀ náà: Abdul-Rahman ni ẹrú Aláàánú Jùlọ, Ọlọ́run nìkan ló sì ń jẹ́ Ar-Rahman. Ẹni tó ń pe ọmọ ní Rahman ti gé ẹrú kúrò.

Ìgbà wo ni orúkọ gùn jù?

Ẹ jẹ́ kí páásípọ́ọ̀tù dá a. Ìlà méjì ló wà nísàlẹ̀ ojú ewé àwòrán rẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà, àyè 44 ló sì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Nínú ìlà orúkọ, márùn-ún ti lọ fún irú ìwé náà àti orílẹ̀-èdè, ó ku 39. Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, àmì méjì (<<) tẹ̀ lé e, àmì kan (<) sì wà láàárín orúkọ yòókù. Adébọ̀wálé jẹ́ lẹ́tà 9, pẹ̀lú àmì méjì ó di 11. Olúwatamílọ́rẹ jẹ́ 13, Mofìyìnfólúwa náà 13, pẹ̀lú àmì kan láàárín wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 38. Orúkọ kẹta kò ní ibi tí yóò dúró sí. Àmì ohùn kì í wọ ìlà yìí rárá, ẹ kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì rẹ̀ síbi kan nílé kí ọmọ lè mọ bí ó ṣe ń jẹ́.

Bí a bá ti kọ ọ́ tán, tí a wá fẹ́ yí i ńkọ́?

Ẹ óò búra ní kóòtù, ẹ óò kéde ìyípadà náà nínú ìwé ìròyìn, lẹ́yìn náà ni ẹ óò máa gbé ìwé náà kiri láti ọ́fíìsì kan dé èkejì. Ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ìwé ìbí, NIN àti ìwé ilé-ìwé bára mu lẹ́tà fún lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀. Oluwatamilore níbì kan, Tamilore níbòmíràn: ẹni méjì ni kọ̀ǹpútà yóò kà wọ́n sí.