Fífi ìmọ́lẹ̀ tú oògùn sílẹ̀ nínú ara

Fífi ìmọ́lẹ̀ tú oògùn sílẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìtọ́jú tí oògùn fi ń wà nínú ara bí ẹni tó sùn, tí kì í jí àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Wọ́n lè ti gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti àná, kó ti bá ẹ̀jẹ̀ rìn ká gbogbo ara, síbẹ̀ ibi tí dókítà bá tan iná sí nìkan ni yóò ti ṣiṣẹ́. Jẹjẹrẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ọkàn sí, torí pé oògùn tó lágbára láti pa á kì í mọ ẹni tí òun ń bá jà: irun á re, ẹnu á bó.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà de oògùn kò pin sí ẹyọ kan. Wọ́n lè so mólíkù kékeré (átọ́mù mélòó kan tó so pọ̀) mọ́ ibi tí oògùn fi ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń di ẹnu ajá tó ń buni jẹ, kí ìmọ́lẹ̀ wá já ìdè náà. Kaplan, Forbush àti Hoffman ṣe irú rẹ̀ ní 1978 pẹ̀lú ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára, ṣùgbọ́n ìwádìí ni tiwọn, kì í ṣe ìwòsàn. Azobenzene, mólíkù mìíràn tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà, ní tirẹ̀ máa ń nà gbọọrọ nínú òkùnkùn, ó sì máa ń ká kò bí ìmọ́lẹ̀ tó yẹ bá bà á. Ben Feringa ará Netherlands, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místrì ní 2016, wà lára àwọn tó ń lo irú mólíkù bẹ́ẹ̀ fún oògùn.

Wúrà náà wà níbẹ̀. Irú èyí tí àwọn awakùsà ń wá ní agbègbè Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogi ni, àfi pé wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀pá kéékèèké tí ojú kò lè rí. Ọ̀pá wúrà yìí a máa sọ ìmọ́lẹ̀ di ooru. Bí ó bá wà lára àpò tín-ín-tín tí wọ́n fi ọ̀rá (bí ọ̀rá ẹran, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù) ṣe, tí wọ́n kó oògùn sí, ooru náà á tú àpò, oògùn á sì jáde. Inú ilé ìwádìí àti ara ẹranko ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ṣì wà.

Ara fúnra rẹ̀ ni ìdènà tó le jù. Ẹni tó bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo tọ́ọ̀ṣì ní alẹ́ tí kò sí iná ní Kàbà tàbí Mọ̀pà ti rí ohun tí àwọn onímọ̀ ń bá yí: iná funfun ló wọlé, pupa ló jáde. Ẹ̀jẹ̀ ló gbé púpọ̀ nínú ìyókù mì. Ultraviolet, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tó rọrùn jù láti fi já ìdè, kì í wọ ara tó mìlímítà kan, ó sì lè ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Láti nǹkan bí 650 dé 900 nanomita (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ irú ìmọ́lẹ̀; bó bá ṣe ń ga sí i ni agbára ìmọ́lẹ̀ ń dín kù) ni ara ti ń gba ìmọ́lẹ̀ láàyè díẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èyí tó ń wọlé jìnnà kò ní agbára láti já ìdè, èyí tó lágbára kò sì lè wọlé. Àwọn kan ń fi irin kan tó ń jẹ́ ytterbium ṣe ẹ̀rún tó ń gba infrared (ìmọ́lẹ̀ tó kọjá pupa, tí ojú kò rí) 980 nanomita, tó sì ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn. Àwọn dókítà ní tiwọn a máa ki okùn tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ bọ ọ̀nà ọ̀fun tàbí àpò ìtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìtọ́jú yìí, tí wọ́n ń pè ní photodynamic therapy, ló ti wọ ilé ìwòsàn. Oscar Raab rí i ní Munich ní nǹkan bí 1900 pé àwọ̀ acridine pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ń pa ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, kò sí ohun tí a tú sílẹ̀ níbẹ̀: oògùn gba ìmọ́lẹ̀, ó sì sọ ọ́síjìn di májèlé fún sẹ́ẹ̀lì. Kánádà fọwọ́ sí Photofrin, ọ̀kan lára irú oògùn bẹ́ẹ̀, ní 1993, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 1995 fún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ìmọ́lẹ̀ pupa 630 nanomita ni wọ́n ń tàn sí i. Ní 2020, Jàpáànù gba oògùn kan tí wọ́n so àwọ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ èròjà tó ń wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ orí àti ọrùn kiri.

Ẹni tó bá gba Photofrin gbọ́dọ̀ sá fún oòrùn fún ó kéré tán 30 ọjọ́. Fún àgbẹ̀ Yàgbà tàbí Ìjùmú tí iṣu àti kajú ń dúró dè lóko, ohun kékeré kọ́ nìyẹn. Àwọ̀ dúdú ara wa náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, nítorí náà ìwọ̀n iná tó tó fún àárẹ̀ awọ lára òyìnbó lè má tó lára wa. Kò kan ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí okùn ti bá inú wọlé láì gba orí awọ.

Lésà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan irú ìmọ́lẹ̀ yìí, wọ́n, ó sì ń jẹ iná mànàmáná. Ní Íńdíà, wọ́n ti fi LED (iná kékeré tí kì í jẹ agbára púpọ̀) tó ń lo bátìrì ṣe irú ìtọ́jú yìí fún jẹjẹrẹ ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.