Mélòó nínú àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ló ní mẹ́dọ̀wú E (hepatitis E), àrùn kòkòrò tó ń mú ẹ̀dọ̀?

Ìdáhùn méjì ló wà, wọ́n sì jìnnà síra gan-an. Ohun tí wọ́n wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bèèrè.

Àyẹ̀wò kan wà tó ń wá IgG, èròjà agbóguntàrùn tó máa ń wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí kòkòrò ti lọ. Ẹni tó ní in ti kó àrùn náà rí, ó tán. Ní ilẹ̀ Faransé, ó tó 22 nínú 100 àwọn tó fẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ àyẹ̀wò yàtọ̀ síra: ẹ̀jẹ̀ kan náà lè mú "bẹ́ẹ̀ ni" jáde lára ọ̀kan, kó mú "rárá" jáde lára èkejì. Kò tọ́ láti fi iye orílẹ̀-èdè méjì wéra bí irinṣẹ́ wọn ò bá dọ́gba.

Àyẹ̀wò kejì ń wá RNA, ìyẹn ohun àbùdá inú kòkòrò náà gan-an, tó ń fi hàn pé kòkòrò ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ló kan ẹni tí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. Láàárín ọdún 2012 sí 2013, wọ́n yẹ àpò ẹ̀jẹ̀ bí 225,000 wò ní England; 79 ló ní kòkòrò, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 2,800. Nínú 43 tí wọ́n tọpa lára àwọn tó gba irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, 18 ló kó o. Ara ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ le koko lọ́jọ́ náà, nítorí náà ìbéèrè tí wọ́n ń bi wọ́n kò lè tú u fó.

Láti dín owó kù, ọ̀pọ̀ ibi máa ń po ẹ̀jẹ̀ ènìyàn púpọ̀, bí àpẹẹrẹ 24, pọ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kòkòrò bá wà, wọn á tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewu ibẹ̀ ni pé àpòpọ̀ ń sọ kòkòrò di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: bí wọ́n bá po ti ènìyàn 24 pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ní ẹ̀dà kòkòrò 2,400 nínú mílílítà kan á di 100 péré, èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ sì lè yọ́ kọjá. Inú pilásímà, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ń wà, ló ti burú jù, torí omi rẹ̀ pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í ní ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú omi náà. Oògùn tí wọ́n ń fi sínú pilásímà láti yọ ọ̀rá ara kòkòrò kò sì pa kòkòrò mẹ́dọ̀wú E.

Ara ẹni tó lágbára á lé e lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ fún, tó ń lo oògùn tó ń dẹwọ́ agbára ara, lè máa gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ẹ̀dọ̀ á fi bàjẹ́. Ìdí nìyí tí Netherlands fi bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò RNA lọ́dún 2017, tí Jámánì àti Japan sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹ̀jẹ̀ lọ́dún 2020.